Kí Àbẹ́là Ṣáájú Ẹsẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹsàn-án

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: orúnkún mi òsì. Páànù ilé adìyẹ tó ṣí létí kan. Doina ọmọ wa tí kò tíì pè láti Padova ní ilẹ̀ òkèèrè láti ọjọ́ Ẹtì. Agbọ́n tó bo àjàrà. Ikọ́ Agafia ìyàwó mi, tí òun fúnra rẹ̀ ní kì í ṣe ikọ́. Àgbá kejì tó ń jò níbi tí ojú kò tó. Àti pé mo ti gbà, bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan jẹ, láti kọ́ ọmọ méjìdínlógún ní físíìsì.

Ọ̀gá Lidia, ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, ló wá bá mi lábẹ́ àjàrà. Tíṣà físíìsì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ireland, kò sì dágbére fún ẹnì kan. "Bàbá Serafim, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi tọ́jú yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì wa. Kò sí ohun tí àwọn tíṣà ṣe níbẹ̀ tí ojú yín kò tó." Mo ní ojú mi tó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Ó ní òun mọ̀, pé kí n ṣáà máa dì í mú títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn.

Mo wá ka ètò ẹ̀kọ́ tí ọ́fíìsì àgbègbè fi ránṣẹ́. Oṣù Kẹsàn-án, ooru. Oṣù Kẹwàá, ìyára. Afẹ́fẹ́ àti ìwúwo rẹ̀, oṣù Kẹrin.

Oṣù Kẹrin! Oṣù Kẹwàá ni wáìnì tuntun ń hó láì sí iná ní àjàalẹ̀ gbogbo wa, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àgbá wà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹrin, a ti mu ìdajì rẹ̀, a sì ti sin ẹni tí a máa sin. Ọdún 1961 ni bàbá mi dákú ṣubú nínú àjàalẹ̀ wa. Zaharia ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ láti lọ gbé e. Pósí méjì ló jáde nínú ilé kan lọ́jọ́ kan. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá àgbà wa kì í sọ̀ kalẹ̀ láì tan àbẹ́là, a sì rò pé ọlá ẹni mímọ́ kan ni ó ń fún. Nígbà tí iná mànàmáná dé abúlé, a jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ lè wúwo.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹsàn-án

Kíláàsì àkọ́kọ́. Ẹfun ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Vitalie, ọ̀kan lára wọn, ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀rù, a kì í jẹni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn tó ń kan àgbá fi máa ń fi iná mú òrùka irin gbóná kí wọ́n tó kì í bọ àgbá. Felicia, ọmọ Filip Țurcan, ló nawọ́: "Kó lè rọ̀ ni." Mo ní rárá. Irin gbígbóná ń tóbi sí i ni. Tó bá tutù, á sún kì, á sì di pákó mú pinpin. A fi bọ́ọ̀lù irin kékeré àti òrùka rẹ̀ dán an wò. Bọ́ọ̀lù tó kọjá nínú òrùka nígbà tó tutù há sórí rẹ̀ nígbà tí a fi iná sí i. Felicia wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó tóbi, àmọ́ a kò rí i pé ó ń tóbi." Inú mi dùn. Mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá n kò pa iná tó wà ní yàrá ìdánwò. Mo padà lọ. Mo ti pa á.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Àwọn oníṣòwò ń ra kílò àjàrà ní owó léì mẹ́rin péré, wọ́n ní ó lómi jù. Ta ló rán òjò níṣẹ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ọmọ ní àjàalẹ̀ máa ń móoru nígbà òtútù, ó sì máa ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ti fi ara àwọn mọ̀ ọ́n. Mo mú ohun ìwọ̀n ooru jáde, mo sì ka ohun tí mo ti ń kọ sílẹ̀ láti ọdún méjì nípa àjàalẹ̀ tèmi fún wọn: oṣù Kìíní, dígírì méjìlá, oṣù Keje, dígírì mẹ́tàlá. Ara wa ló ń yí padà, àjàalẹ̀ kò yí padà. Ara ń purọ́. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́: ohun tí ara bá sọ fún wa nípa àjàalẹ̀, kí a fi nǹkan mìíràn wọ̀n ọ́n.

Agafia ní ọdún méjì ni mo fi ń kọ òtútù àjàalẹ̀ sílẹ̀, n kò sì rántí ọjọ́ ìbí òun. Mo ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ kì í yí padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹwàá

Àjàrà ti wọlé tán ní ìdajì abúlé. Òórùn omi àjàrà wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Mo lọ bá Ọ̀gá Lidia pé mo fẹ́ gbé orí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá sí ọ̀sẹ̀ yìí.

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Serafim, ẹ kọ́ wọn ní ohun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀, ẹ kọ 'ìyára.' Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Tí n kò bá kọ́ wọn ní ìyára ńkọ́?"

"Bàbá mi, ìwé ni. Ìwé kì í jẹ́jọ́."

N kò lè ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú yàrá yẹn, tí ife kan bá fọ́, "ó fọ́" ni mo máa ń kọ. Agafia ní àgídí ni, kì í ṣe òótọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kí n má bàa gbàgbé.

Mo ká páálí bí ọ̀nà omi, mo gbé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo sì to àbẹ́là kéékèèké márùn-ún sínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tan wọ́n. Mo da ọtí kíkan sórí sódà búrẹ́dì nínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ó ru, ó sì rọlẹ̀. Mo wá dẹ ìgò náà sí ẹnu páálí bí ẹni tó fẹ́ da omi, láì jẹ́ kí ọtí kíkan tó wà ní ìdí rẹ̀ kán sílẹ̀. Àbẹ́là àkọ́kọ́ kú. Ìkejì. Ìkẹta. Ó ń lọ ní ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń rìn. Ìkarùn-ún náà kú.

Vitalie ní, "Bàbá, kí lẹ dà? Ìgò yẹn ṣófo."

"Kò ṣófo. Ó kún. Ìwọ ni o kò rí i."

Mo ṣàlàyé fún wọn. Omi àjàrà tó ń hó ń tú irú afẹ́fẹ́ kan jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn tí imú lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára òórùn wáìnì. Ó ń ṣàn sí ìsàlẹ̀ bí omi, ó ń kún àjàalẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Ó lè dúró ní ìbàdí, kí ẹni tó nàró máa mí, kí ó má mọ nǹkan kan. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sídìí àgbá, ó ti ki orí bọ odò.

Mo fún wọn ní òfin méjì, mo sì mú wọn kà á títí ohùn wọn fi há. Èkíní: ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ pẹ́, kí àbẹ́là ṣáájú ẹsẹ̀, kí o gbé e sísàlẹ̀ ju orúnkún lọ, tí iná bá ti ń rẹlẹ̀, padà, má dúró dìgbà tó máa kú. Èkejì: ẹni tó bá ti ṣubú, má sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́. Má sọ̀ kalẹ̀. Ké, pe àwọn panápaná, di ẹni tó bá fẹ́ lọ mú.

Felicia ní, "Tó bá jẹ́ bàbá ẹni ńkọ́?"

Mo ní, "Pàápàá tó bá jẹ́ bàbá ẹni."

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mo kọ: "Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Àbẹ́là. Àjàalẹ̀."

Mo jẹ mămăligă, òkèlè àgbàdo wa, àwo méjì. Láti oṣù mẹ́ta, n kò jẹun tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹwàá

Wáìnì wa ti ń hó. Mo gbé àbẹ́là lọ, ó rẹlẹ̀ ní àtẹ̀gùn kẹfà. Mo padà. Agafia ní, "Ìwọ baba yìí, ọ̀run tó ń ya bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan." Mo ní ti àjàalẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń ya lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹwàá

Mo pàdé Filip Țurcan ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dé láti Parma, ìlú òkèèrè tó ti ń mọlé, ó gba ìsinmi oṣù kan nítorí wáìnì. Ẹni dáadáa ni, aláriwo. Àwọn bí mẹ́fà wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Tíṣà àgbà! Felicia ní kí n máa gbé àbẹ́là lọ sí àjàalẹ̀. Ṣé àgbá ń ṣe ọjọ́ ìbí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Filip, gbé e lọ. Kí ló máa ná ọ?"

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí mi lójú. "Ẹ wò ó. Ó mọ́lẹ̀ ju ogún àbẹ́là lọ."

"Á fi àtẹ̀gùn hàn ọ́. Kò ní sọ fún ọ bóyá ohun tí o lè mí wà níbẹ̀. Fóònù kì í mí."

"Kì í mí lóòótọ́, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kú!"

Bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ń tì mí láti dá dúró láàárín wọn bí igi. Ìyẹn ni mo ń rò ní gbogbo ọ̀nà ilé: pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹwàá

Alábẹ̀wò dé láti ọ́fíìsì àgbègbè, Ọ̀gbẹ́ni Rusnac, pẹ̀lú kóòtù tó mọ́ àti bàtà tí kò tíì tẹ ẹrẹ̀ wa rí. Òbí kan ló fi ẹjọ́ sùn pé mò ń dáná nínú kíláàsì. N kò béèrè ẹni náà. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ kẹta.

"Ta ló fún yín láṣẹ láti gbé oṣù Kẹrin wá sí oṣù Kẹwàá?"

Mo ní, "Wáìnì ni, sà."

"Kí lẹ sọ?"

"Oṣù Kẹwàá ló ń hó. Kì í dúró de oṣù Kẹrin."

Ó wo Ọ̀gá Lidia bí ẹni tó ń wo ìyá ọmọ tó ya pòkíì. Lẹ́yìn náà ó fi pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, èyí tó burú ju ìbínú lọ. "Bàbá, ẹ ti sapá. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìmọ̀, ìbẹ̀rù lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ kò ní ìwé ẹ̀rí, ẹ dáná níbi tí ọmọdé wà, ẹ kò sì tẹ̀ lé ètò."

"Ẹ gbé e síwájú nínú ètò, n ó sì tẹ̀ lé e."

"A kì í gbé ètò síwájú nítorí abúlé kan."

Ó ní n kò gbọdọ̀ kọ́ wọn mọ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdánwò sórí tábìlì. Ọ̀gá Lidia ń wo fèrèsé. Títí wọ́n á fi rí tíṣà, àwọn ọmọ á máa fi wákàtí físíìsì gé koríko ọgbà ilé ìwé.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì wa. N kò lọ. Mo ní orúnkún ni.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹwàá

Filip Țurcan ti kú. Àjàalẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Kẹwàá

Bí àwọn aládùúgbò ṣe rò ó fún mi nìyí. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Filip sọ̀ kalẹ̀ láti lọ tẹ èèpo àjàrà rì sínú wáìnì tó ń hó. Felicia wà nílé, ọ̀fun ń dùn ún, kò lọ sí ilé ìwé. Àbẹ́là tí ọmọ náà gbé sẹ́nu àjàalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Filip fò ó kọjá bó ti máa ń fò ó. Ó tan fóònù.

Wọ́n pè é, kò dáhùn. Raisa ìyàwó rẹ̀ sáré dé ẹnu àjàalẹ̀, ó sì rí i nílẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà dì í mú níbi yẹ́rì, ó fi apá kejì kọ́ òpó ilẹ̀kùn, ó ń ké. Ìyá rẹ̀ nà án. Ó fi èékánná ya á lójú. Ó bu apá rẹ̀ jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò jù ú sílẹ̀ títí àwọn aládùúgbò fi dé tí wọ́n gbé Raisa kúrò níbẹ̀.

Àwọn panápaná dé láti ìlú lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìbòjú àti ìgò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní fóònù náà ṣì ń tàn nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹwàá

A sin ín. Oòrùn mú bí ẹni tí kò gbọ́. Mo dúró lẹ́yìn pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Raisa rí mi síbẹ̀síbẹ̀.

"Bàbá Serafim! Ẹ wá súnmọ́ ibí. Ẹ wá wo iṣẹ́ yín."

Àlùfáà ní, "Ọmọ mi, ó tó."

"Kò tó! Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ni! Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín èmi àti ọkọ mi, ọmọ tí mo bí sì dì mí mú kí bàbá rẹ̀ lè kú dáadáa. Ta ló kọ́ ọ? Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ?"

Felicia dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà èékánná mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Mo fẹ́ sọ pé pósí méjì ni ìbá jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dájú ju orúkọ mi lọ. Ta ló ń sọ irú ẹ̀ létí sàréè? Mo bọ́ fìlà, mo sì lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kẹwàá

Mo bá Felicia ní kànga. Ó ti ń fa omi, mo bá a gbé korobá.

"Bàbá, ìyá mi kì í bá mi sọ̀rọ̀."

"Á bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹ kàn ń sọ ọ́?"

Mo ní mo kàn ń sọ ọ́. Ó mi orí, bí ẹni pé ìyẹn gan-an ló fẹ́ gbọ́.

"Tí mo bá jẹ́ kó lọ ńkọ́? Bóyá kò kún tó bẹ́ẹ̀. Bóyá ó tó ìbàdí péré."

"Ibo ni bàbá rẹ wà?"

"Nílẹ̀."

"Báwo ni ìyá rẹ ṣe máa gbé e láì bẹ̀rẹ̀?"

Ó ronú. Mo rí i tó ń ronú bó ṣe ronú nípa bọ́ọ̀lù irin ọjọ́sí, mo sì kórìíra ara mi. Ó gba korobá lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ó dàárọ̀, Bàbá," bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kọkànlá

Mo ti pa ìwé yìí tì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Agafia ń gbé oògùn wá, kò sì ń bá mi ṣàwàdà mọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Lónìí Ọ̀gá Lidia wá pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lábẹ́ apá. Nítorí ikú Filip, àwọn tó ga ju ọ́fíìsì àgbègbè lọ ti ń béèrè bóyá wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé nípa àjàalẹ̀. Ọ́fíìsì fẹ́ ẹ̀dà ojú ìwé ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, láti fi hàn pé wọ́n kìlọ̀ fún wọn.

Mo ní, "Ojú ìwé tí wọ́n torí ẹ̀ lé mi?"

"Òun ni."

"Ìlà pupa ńkọ́?"

Ó pa ìwé náà dé. "Wọ́n ní kí n fi bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó kí n tó ṣe ẹ̀dà."

"Ẹ ní ìwé kì í jẹ́jọ́."

"Bàbá Serafim, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé wọ́n á gbé e kúrò ní oṣù Kẹrin?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn."

Mo buwọ́ lù ú pé èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́ lóòótọ́. N kò lè kọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kọkànlá

Òjò dídì àkọ́kọ́. Tíṣà físíìsì tuntun ti dé, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Mo lọ kí i, mo sì bi í nípa orí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ó ṣí ètò. "Oṣù Kẹrin ni, Bàbá." Mo ní mo mọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì dùn òun, ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ òun lẹ́nu iṣẹ́ rèé, ìyàwó òun sì lóyún. N kò lè bá a jà. Ọmọ yẹn ń bẹ̀rù bí èmi.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kejìlá

Ọ̀gá Lidia sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí, bóyá kí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lè jẹ́ kó sùn: ọjọ́ kejìlá oṣù yìí ni ọ́fíìsì àgbègbè máa jókòó lórí ètò ọdún tó ń bọ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé ìwé nìkan ni wọ́n pè, Bàbá. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé."

Mo kọ lẹ́tà. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ ọ́ kó tó kúrú. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí wọ́n gbé orí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ láti oṣù Kẹrin wá sí oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn ọmọ mọ̀ kí wáìnì tó hó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kejìlá

Mo gbé lẹ́tà náà láti ilé dé ilé. Ènìyàn mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i. Àwọn ará bẹ́ǹṣì kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ọjọ́ tí ènìyàn máa kú ti wà lákọsílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi akọ̀wé náà hàn mí. Bàbá Vitalie fọwọ́ sí i láì gbójú sókè, ó sì sọ fún mi pé òun ló fi ẹjọ́ mi sùn lórí iná. Ó ní ẹ̀rù ilé ìwé tó lè jó ló ba òun. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ti ba gbogbo wa, olúkúlùkù sì ń bẹ̀rù ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó kan ilẹ̀kùn Raisa. Ó ka lẹ́tà náà tán lórí ìdúró. Ó tún un kà.

"Òótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀," ló wí.

Mo na bírò sí i.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i. Tí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti gbà pé ó yẹ kó dì mí mú nìyẹn. Mi ò tíì gbà, Bàbá. Mi ò mọ ọjọ́ tí màá gbà."

Felicia wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ń rẹ́ àlùbọ́sà, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kejìlá

Wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé, mo mọ̀. N ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, n ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ń wọlé ní ẹ̀dà kan. Mo ti kọ ogún, n ó kọ ogún sí i lọ́la. Òjò dídì ti dí ọ̀nà òkè. Bọ́ọ̀sì ìdájí lè má wá, orúnkún mi lè má gbà, Ọ̀gbẹ́ni Rusnac sì lè ní kí wọ́n lé mi. Agafia ní bí mo bá kú sójú ọ̀nà, òun ò ní wá gbé òkú mi, lẹ́yìn náà ló lọ wá ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn jáde. Ó béèrè ọjọ́ náà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè sọ fún Doina. Mo ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá, kí n lè sùn nílùú kí ilẹ̀ ọjọ́ ìpàdé tó mọ́. Ọjọ́rú ni mo máa gbéra.